Ta Ló Há Sójú Ọ̀run?

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, èmi ni iṣẹ́ kàn ní ilé iṣẹ́ rédíò tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀ ní Abuja níbí. Iṣẹ́ náà kò lọ́jú pọ̀: ìròyìn á dé lédè Gẹ̀ẹ́sì, èmi á sọ ọ́ di Yorùbá, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á kà á sétí àwọn èèyàn wa tó wà ní Lugbe, Kubwa, Nyanya, Mararaba, títí dé Suleja. Aago mẹ́fà ti kọjá nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọlé láti Amẹ́ríkà. Bill Nelson, ọ̀gá àgbà NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, nígbà náà, ti jókòó níwájú àwọn akọ̀ròyìn, ó ti ní ọkọ̀ Starliner tó gbé Butch Wilmore àti Suni Williams lọ sókè ní oṣù Kẹfà kò ní gbé wọn padà. Òfìfo ni yóò sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn, SpaceX, ni yóò lọ gbé wọn, ó sì di oṣù Kejì ọdún 2025.

Gbogbo ibi tí mo wò, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n lò: "stranded." Àwọn tí kò lo ìyẹn lo "stuck." Ìròyìn aago méje ku ogún ìṣẹ́jú, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn fèrèsé, olóòtú wa ti na ọwọ́ sí mi pé kí n mú nǹkan wá. Mo kọ èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu:

"Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì tí wọ́n há sójú ọ̀run kò ní padà sáyé títí di ọdún tó ń bọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Èmi ò tún un kà lọ́jọ́ náà.

A ní nọ́ńbà kan tí àwọn olùgbọ́ lè pè. Ìròyìn eré ìdárayá kò tíì parí tí Alhaja kan fi pè láti Mararaba. Bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀, ará Ìlọrin ni, kò sí àní-àní. Ó ní, "Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn méjì tẹ́ ẹ ní wọ́n wà lọ́run yìí, ṣé wọ́n ti kú ni?"

Mo ní, "Wọn ò kú mà. Wọ́n wà láàyè, àlàáfíà ni wọ́n wà."

"Ẹni tó wà láàyè kì í wà lọ́run, ọmọ mi. Ẹ tún ní wọ́n á padà sáyé lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé àkúdàáyà ni wọ́n ni?"

Àwọn tó wà nínú yàrá ìròyìn rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Alhaja kò rẹ́rìn-ín, ìdáhùn ló ń dúró dè, mi ò sì ní ìdáhùn kankan lẹ́nu ju pé kí n dúpẹ́ pé ó ń gbọ́ wa.

Lọ́nà ilé, mo yà lọ́dọ̀ mai shayi tó máa ń po tíì fún wa ní Lugbe. Rédíò kékeré kan wà níbẹ̀ tí ó fi rọ́bà so mọ́ òpó, Háúsá ló sì máa ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. "'Yan sama jannati biyu sun makale," ló wí, ó ń da mílíìkì láti kọ́ọ̀pù kan sí èkejì láìwo ọwọ́ rẹ̀. "Makale" ni "há" tèmi gẹ́lẹ́. "Sama" ni àwa náà ń pè ní sánmọ̀. Ṣùgbọ́n "jannati"! Ẹni tó bá lọ sí ilé kéú fún ọ̀sẹ̀ kan péré mọ̀ pé àlùjánnà ló ń gbóòórùn nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Orúkọ tí Háúsá ń pe àwọn tó ń rìnrìn àjò òfurufú nìyẹn, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ara mi balẹ̀ díẹ̀. Ó kéré tán, èmi nìkan kọ́ ni mo rán àwọn èèyàn yìí lọ sọ́run. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Háúsá fi wọ́n sí àlùjánnà, èmi ò tilẹ̀ sọ irú ọ̀run tí mo fi wọ́n sí.

(Ẹ má gbàgbé pé Lugbe kan náà yìí, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, ni àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà wà. Kí Wilmore tó gbọ́ orúkọ Starliner rárá ni lẹ́tà 419 kan ti ń yí íntánẹ́ẹ̀tì ká, tó ní ọmọ Nàìjíríà kan, Abacha Tunde, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun òfurufú, ti wà ní ibùdó àwọn ará Soviet lókè láti ọdún 1990, kò rí ọkọ̀ wálé, owó oṣù rẹ̀ sì ti di mílíọ̀nù 15 dọ́là. Irọ́ gbáà ni, gbogbo ayé sì fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó há sókè kì í ṣe tuntun ní Abuja.)

Lóru yẹn oorun kò kùn mí. Ọ̀run nìkan kọ́ ló ń yọ mí lẹ́nu, "há" ni.

Eegun ẹja ló ń há sọ́nà ọ̀fun. Kọ́kọ́rọ́ ń há sínú àgádágodo. Ọmọdé á ti ọwọ́ bọ ìgò, ọwọ́ á há. Ohun tó bá ti há, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn, àfi kí ẹlòmíràn wá yọ ọ́. Mo wá jókòó, mo ka ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, èyí tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó kọ gbólóhùn yẹn.

Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ni wọ́n gbéra ní Florida. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n ní àwọn máa lò, nítorí ìdánwò ni ìrìn àjò náà: ìgbà àkọ́kọ́ tí èèyàn máa wọ ọkọ̀ tí Boeing ṣe yìí lọ sókè. Ibùdó tí wọ́n ń lọ, ilé tí àwọn orílẹ̀-èdè kan jọ kọ́ sókè tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀ tó ń yí ayé po, kò jìnnà tó bí a ṣe máa ń rò ó. Nǹkan bíi 400 kìlómítà ni, bí ẹni ti Abuja wa mọ́tò gba Kàdúná dé Kánò, àfi pé òkè ni ojú ọ̀nà kọ sí. Ọkọ̀ náà ní ẹ̀rọ kéékèèké 28 tí ń tu gáàsì jáde láti fi tì í sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ibùdó, márùn-ún nínú wọn dákẹ́. Gáàsì helium, tó ń ti epo lọ sínú àwọn ẹ̀rọ náà, ń jò níbi márùn-ún, wọ́n sì ti mọ ọ̀kan nínú ojú ibi tó ń jò yẹn kí wọ́n tó gbéra.

Èyí tí wọ́n á fi tètè padà, wọ́n dúró. Ìdí rẹ̀ rọrùn, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn tó ráyè sọ ọ́ kò pọ̀. Apá ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, níbi tí àwọn ẹ̀rọ tó dákẹ́ àti ojú ibi tó ń jò wà, kì í délé. Wọ́n máa ń já a sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó wọlé, á sì jóná nínú afẹ́fẹ́. Bó bá ti jóná, ẹ̀rí jóná nìyẹn. Àwọn ẹnjiníà wá ní kó dúró lókè, kí àwọn lè máa tan ẹ̀rọ náà wò nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́. Wọ́n gbé irú rẹ̀ mìíràn sí ibùdó ìdánwò White Sands ní New Mexico, wọ́n ń tan án, wọ́n ń pa á bí ó ti rí lókè, títí wọ́n fi rí i pé ooru ń mú ìdérí Teflon kékeré kan wú, tó sì ń dí ọ̀nà epo. Ẹni tó bá ti gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹpẹ́ẹ̀rà rí mọ ohun tí mò ń sọ. Nílé, kò ní tàn. Gbé e dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn, á tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni pé ẹ purọ́ mọ́ ọn.

Ó tún ku ibì kan. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, sátẹ́láìtì Rọ́ṣíà kan tó ti kú, Resurs-P1, fọ́ lókè, ó di àfọ́kù tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó wà ní ibùdó sá wọ inú ọkọ̀ tó gbé e wá, bóyá wọ́n á ní láti sá wálé. Ibo ni Wilmore àti Williams sá sí? Inú Starliner yẹn náà ni. Ọkọ̀ tí gbogbo ìwé ìròyìn ti ń pè ní ọkọ̀ tó bàjẹ́ ni wọ́n sá sí lọ́jọ́ tí nǹkan fẹ́ bàjẹ́. Nígbà tó sì di ìparí oṣù Kẹsàn-án, ọkọ̀ SpaceX tó máa gbé wọn wálé ti dé, àga méjì ṣófo nínú rẹ̀, ó so mọ́ ẹnu ọ̀nà ibùdó. Williams ti di olórí ibùdó náà nígbà yẹn. Ẹni tó jẹ́ baálé, tí mọ́tò rẹ̀ wà níwájú ilé, tó ń dúró kí iṣẹ́ parí, báwo la ṣe fẹ́ ní ó há?

Wilmore fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lórí CNN ní oṣù Kejì ọdún 2025, nígbà tí wọ́n ṣì wà lókè. Ó ní kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà, pé àwọn kò há, wọn kò sì pa àwọn tì. Kí wọ́n kúkú ní àwọn múra sílẹ̀, àwọn sì fi ara jìn fún iṣẹ́. Nígbà yẹn, òṣèlú ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ààrẹ Trump ti ní ìjọba tó kúrò ló pa wọ́n tì sókè. Èmi ni mo tún túmọ̀ ìyẹn. "Pa tì", bí èèyàn ṣe ń pa ọmọ tì. Láàárín oṣù mẹ́jọ, àwọn èèyàn méjì kan náà ti kúrò ní ẹni tó há, wọ́n ti di ọmọ tí òbí jù sílẹ̀, wọn kò sì tíì kúrò lójú kan.

Ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ ariwo yẹn? Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn àṣìṣe mi, Wilmore pe ilẹ̀ pé òun ń gbọ́ nǹkan tó ń dún gbì, gbì, gbì látinú Starliner. Ó gbé míìkì síbẹ̀ kí àwọn tó wà nílẹ̀ gbọ́. Ọjọ́ kejì, gbogbo fóònù ní Abuja ló ní i. Wọ́n ní ohùn àjèjì. Wọ́n ní bóyá ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn. Pásítọ̀ kan fi wàásù nínú fídíò tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sí mi. NASA ní nǹkan tó ń dún ni bí ohùn ibùdó àti ohùn ọkọ̀ ṣe ń padà wọ inú ara wọn láti ẹnu sípíkà, ó sì ti dáwọ́ dúró. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lọ sí òde àríyá tí onímíìkì sún mọ́ sípíkà jù ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, àfi pé ti òde àríyá máa ń dún wíììn. Mo túmọ̀ àlàyé náà. Olóòtú ní kò sí àyè. Ariwo náà ní àyè, àlàyé ariwo kò ní.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì kan.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mò ń ti Abuja lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọdún tuntun, iwájú ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírébà. A ti kọjá Lọ́kọ́ja, a ti dójú ọ̀nà Kàbbà, ọ̀nà ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín òkè. Mo rí ẹsẹ̀ bàbá náà lórí búréèkì. Ó tẹ̀ ẹ́, ó rì wọlẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún rì. Kò sọ̀rọ̀. Ó fa jíà sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ké, ó tún fà á. Ó gbójú sókè sínú dígí, ojú rẹ̀ sì kan ti ọmọ tó ń gba owó ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Ọmọ náà di irin mú. Lẹ́yìn wa, ìyàwó kan ń pín ẹ̀pà fún àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn géńdé méjì ń jà lórí Arsenal. Bàbá náà fi taya ọ̀tún ha òkúta ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń há ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀ (ibí gan-an ni "há" bá a mu), títí ọ̀nà fi tún gòkè tí eré ọkọ̀ sì kú fúnra rẹ̀. Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀. Òun, ọmọ yẹn àti èmi nìkan la mọ̀.

Ó rọra wọ́ ọ dé ìta Kàbbà, ó páàkì síwájú mẹkáníìkì. Ìgbà yẹn ni ariwo bẹ̀rẹ̀. "Ẹ dá owó wa padà!" "Ẹ wo irú mọ́tò tí wọ́n fi ń gbé èèyàn!" Ọkùnrin kan gbé fóònù sókè, ó ń ṣe fídíò: a ti há sínú igbó o, ẹ gbà wá o. Ilé oníyán ló wà ní òdìkejì títì. Mo ti ń jẹ iyán lọ́wọ́ nígbà tí màmá mi pè láti ilé, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n ti sọ fún un pé ọkọ̀ wa há sínú igbó, pé àwọn ajínigbé ti yí wa ká. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ẹran ìgalà ló yí mi ká. N kò sọ ti ẹsẹ̀ dírébà fún un. Títí di òní, mi ò tíì sọ ọ́ fún un.

Nítorí bọ́ọ̀sì yẹn, nígbà tí Wilmore délé tó wá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, ó dà bí ẹni pé mo ti jókòó síwájú ọkọ̀ yẹn rí. Kì í ṣe oṣù Kẹjọ o, tí ayé ń pariwo. Ọjọ́ kejì tí wọ́n gbéra ni. Wọ́n ti sún mọ́ ibùdó, ẹ̀rọ kan dákẹ́, òmíràn tẹ̀lé e, ó di mẹ́rin. Ọkọ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́ ní gbogbo ọ̀nà tó yẹ kó fi lè yí. Òfin ìrìn àjò ní bó bá ti rí báyìí, kí wọ́n yí padà. Ṣùgbọ́n ìyípadà kọ́ ni ìṣòro. Wilmore ní òun kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà lè gbé àwọn délé mọ́, kò sì mọ̀ bóyá ó lè gbé àwọn dé ibùdó. Àwọn tó wà nílẹ̀ ní kó gbọ́wọ́ kúrò lórí ìdarí, kí àwọn pa àwọn ẹ̀rọ náà, kí àwọn tún tan wọ́n láti ìsàlẹ̀. Ó gbọ́wọ́ kúrò. Ìkarùn-ún tún dákẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún padà sọ jí. Wọ́n so mọ́ ibùdó ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ wa.

Mo lọ wo ohun tí a kà lórí rédíò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù, tí iná ọba kú káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ló gba gbogbo ìròyìn. Lẹ́bàá ìparí, mo rí i, ọwọ́ mi ni: "Ọkọ̀ òfurufú tuntun Amẹ́ríkà ti gúnlẹ̀ láyọ̀." Láyọ̀! NASA dárúkọ àwọn ẹ̀rọ tó dákẹ́ fún àwọn akọ̀ròyìn lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn kò fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn náà ṣe wúwo tó, ẹsẹ̀ dírébà lórí búréèkì, inú ọkọ̀ ló wà.

Ó wù mí kí n dáwọ́ dúró síbí, kí n ní ariwo àwa oníròyìn kò wúlò. Columbia ni kò jẹ́.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2003, ọkọ̀ òfurufú NASA tí wọ́n ń pè ní Columbia gbéra pẹ̀lú èèyàn méje. Kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tí ègé fóòmù kan já lára táǹkì epo, tó sì lu apá òsì ọkọ̀ náà. Àwọn ẹnjiníà rí i nínú fídíò lọ́jọ́ kejì. Àwọn kan nínú wọn bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wá àwòrán apá ọkọ̀ náà láti òfurufú, àwọn ọ̀gá kò fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 23, Steve Stich, ọ̀kan lára àwọn tó ń darí ìrìn àjò náà láti ilẹ̀, fi ímeèlì ránṣẹ́ sí Rick Husband tó jẹ́ olórí ọkọ̀ àti William McCool tó jẹ́ awakọ̀. Ó sọ fún wọn nípa fóòmù náà, pé kò sí ewu. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò tó ohun tí à ń sọ, àfi pé òun kò fẹ́ kó bá wọn lójijì bí akọ̀ròyìn bá bi wọ́n léèrè.

Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èèyàn méje jókòó lórí ọkọ̀ tí apá rẹ̀ ti lù, ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà dé etí wọn ni pé ó ṣeé ṣe kí akọ̀ròyìn kan béèrè. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì, Columbia fọ́ sí wẹ́wẹ́ lókè Texas nígbà tó ń padà bọ̀. Kò sẹ́ni tó yè.

Steve Stich yìí kan náà ló jẹ́ olórí ètò tí Starliner wà lábẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2024. Òun ló ń jókòó níwájú àwọn akọ̀ròyìn léraléra ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, tí wọ́n ń bi í ní ìbéèrè kan náà bí ọlọ́pàá. N kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ yẹn, Nelson sọ ọ̀rọ̀ náà gbangba: ó ní ọkọ̀ méjì ti lọ mọ́ wọn lọ́wọ́ rí nítorí pé àyè kò sí kí ọ̀rọ̀ jáde síta. Gbólóhùn yẹn wà nínú ìwé tó wà níwájú mi. Mo gé e kúrò kí "há" lè ráyè.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan nínú ariwo tó ṣìnà àti ìdákẹ́jẹ́, ariwo ni màá yàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dùn mí.

Ìdákẹ́jẹ́ náà ti gba ọ̀dọ̀ wa níbí kọjá rí. Ní àwọn ọdún 1960, NASA ní ibùdó kan ní ìta Kánò tó ń bá àwọn tó wà lókè sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1962, John Glenn ń kọjá lókè orí Kánò nínú ọkọ̀ Friendship 7, ó wo ilẹ̀, ó rí eruku tó ń jà lórí aṣálẹ̀. Àwọn tó wà ní Kánò dá a lóhùn pé afẹ́fẹ́ ti ń jà níbẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá ti lo oṣù Kejì ní òkè ọya mọ eruku yẹn. Ọyẹ́ ni. Èèyàn kan ń yí ayé po, ó sì rí ọyẹ́ wa láti òkè. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo ìtàn òfurufú lọ, mi ò sì mọ ìdí tí wọn kò fi kọ́ wa ní ilé ìwé.

Apá kejì ìtàn náà ni kò dùn. Nígbà tí Glenn ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kejì, àmì kan tàn nílẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí asà tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ iná ti tú. Bó bá jẹ́ òótọ́, á jóná bó ṣe ń padà. Wọn kò sọ fún un. Wọ́n kàn ń bi í láti ibùdó dé ibùdó bóyá súwíìṣì kan báyìí wà ní pípa. Ọ̀gbẹ́ni náà kò gọ̀, ó fura. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n tó ṣàlàyé, wọ́n sì ní kó má já ẹrù tó dì mọ́ asà náà sílẹ̀, bóyá á bá wọn di asà mú. Ó rí iná tó ń fò kọjá lójú fèrèsé, kò mọ̀ bóyá ẹrù ló ń jóná tàbí asà. Súwíìṣì tó bàjẹ́ ló fa gbogbo rẹ̀. Asà kò tú rárá.

Ó tún ku ti Apollo 13, ọkọ̀ tó ń lọ sí òṣùpá ní 1970, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n, nǹkan kékeré méjì nìkan ni màá mú níbẹ̀. Ìkíní: Lovell, Swigert àti Haise ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n láti inú ọkọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, kò sì sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá kankan ní Amẹ́ríkà tó gbé e sáfẹ́fẹ́. Ó ti sú wọn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí ètò náà parí tí táǹkì ọ́síjìn bú gbàù, tí gbogbo kámẹ́rà ayé wá sáré dé. Ìkejì, èyí sì kan iṣẹ́ mi: ohun tí Swigert sọ, tí Lovell tún sọ, ni pé àwọn TI ní ìṣòro kan. Nígbà tó máa dé ẹnu ayé, ó ti di pé àwọn NÍ ìṣòro. "Ti" kékeré yẹn jábọ́ lọ́nà. Ẹni tó ní "a ti ní" ń jíṣẹ́. Ẹni tó ní "a ní" ń kígbe. Ìyàtọ̀ méjèèjì kò tó bí ẹ̀fọn ṣe tóbi, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ̀ pé igbe kọ́ ni ọkùnrin náà ké.

Ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2025 ni Wilmore àti Williams délé. Aago mọ́kànlá alẹ́ wa ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọkọ̀ wọn bọ́ sínú omi òkun ní Florida, àwọn ẹja dọ́fíìnì wá ń lúwẹ̀ẹ́ yí i ká bí ẹni pé wọ́n pè wọ́n. Ọjọ́ mẹ́jọ ti di 286. Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ òru. Mo ti ń dúró de ìròyìn yìí láti oṣù méje sẹ́yìn, mo ti kọ ojú ìwé kan àbọ̀ sílẹ̀ dè é: helium, Teflon, White Sands, ohun gbogbo.

Alẹ́ yẹn kan náà ni Ààrẹ Tinubu kéde ìjọba pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Rivers.

Olóòtú ò tilẹ̀ jẹ́ kí n la ẹnu. Rivers ló gba iwájú, Rivers ló gba àárín. Ó ní gbólóhùn kan ni mo ní fún àwọn èèyàn òkè yẹn, kó tó kan eré ìdárayá. Mo kọ ọ́: "Àwọn arìnrìn-àjò òfurufú méjì ará Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ wọn di ọjọ́ 286, ti sọ̀ kalẹ̀ sínú omi òkun ní Florida." Ó kà á, ó wò mí. "Àwọn wo nìyẹn? Ta ló máa mọ̀ wọ́n?" Ó fa bírò yọ, ó kọ "tí wọ́n há" sáàárín. Mo ní, "Ọ̀gá, wọn ò há." Ó ní, "Gbogbo ayé ló mọ̀ pé wọ́n há." Ó fẹ́ fi "ọ̀run" kún un. Mo di bírò mú. Òfurufú ni mo rí gbà padà.

A kà á ní aago méje àárọ̀. Ìpolówó ọṣẹ ti ń lọ nígbà tí fóònù dún. Mo dá ohùn náà mọ̀ kó tó kí mi tán.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníròyìn. Àwọn tó ti òfurufú dé yìí, ṣé àwọn tọjọ́sí náà ni?"

"Àwọn náà ni mà."

"Alhamdulillahi. Mo ti ń fi wọ́n sádùúà. Kí ló wá gbà wọ́n pẹ́ tó báyìí?"

Mo wo aago ara ògiri. Ìpolówó ọṣẹ ku ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Mo fa àga mọ́ra, mo ní, "Alhaja, gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní helium."